"Kò sẹ́ni tó gbin olú": kí ni àwọn àgbà ń wí?

Ìbéèrè kan wá láti Òkè-Ìjẹ̀bú, l'Ákùúrẹ́. Bí wọ́n bá lọ sóko lọ́nà Ìdànrè lẹ́yìn òjò, ìyá wọn àgbà kì í gbà kí ọmọdé fọ́ ọ̀gán. Wọ́n á ní: "Kò sẹ́ni tó gbin olú." Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni olú ò ní irúgbìn, àti ohun tó pa olú àti ọ̀gán pọ̀.

Èèyàn kọ́ ló gbin olú ọ̀gán lóòótọ́, àmọ́ wọ́n gbìn ín. Ikán ló gbìn ín.

Ẹ mú olú kan tó ti là dáadáa, ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ da orí rẹ̀ dé bébà dúdú, kẹ́ ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá ṣí i láàárọ̀, eruku tó funfun tó sì pọ́n díẹ̀ á ti ya ìlà wẹ́wẹ́ sórí bébà náà. Eruku yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ irúgbìn. Bẹ́ ẹ bá to 100 rẹ̀ tẹ̀ léra, kò ní tó mílímítà 1, atẹ́gùn ló sì ń gbé e kiri. (Àwọn ewé tó máa ń hù lára ọ̀pẹ, tí kì í tanná tí kì í so, irú eruku bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń bí sí i. Ẹ yí ẹ̀yìn ewé wọn síta, ẹ ó rí àwọn àmì róbótó-róbótó níbi tó wà.)

Tí èsúnsún bá fò, tí akọ àti abo wọlẹ̀ lọ dá ilé tuntun, ọ̀pọ̀ irú ikán tó ń dáko olú, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí ló ń jáde lọ ṣa ewé gbígbẹ, tí wọ́n á kó eruku olú mọ́ ọn wọlé. Ti irú ikán tí wọ́n ń pè ní Macrotermes bellicosus, tó ń mọ ọ̀gán ńláńlá, yàtọ̀: inú ikùn ló ti ń gbé e bọ̀ láti ilé tí wọ́n bí i sí. Akọ ni o, kì í ṣe abo!

Nínú ọ̀gán, ikán á jẹ igi àti ewé, á fi ìgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun kan tó ní ihò-ihò bí afárá oyin. Orí rẹ̀ ni olú ti ń gbilẹ̀, ó ń bá ikán sọ igi líle di ohun tó ṣeé jẹ, ikán náà sì ń jẹ lára rẹ̀. Nígbà tí òjò bá rin ilẹ̀ ṣinṣin ni olú tó na ẹsẹ̀ gígùn, tó forí lalẹ̀.

Ìdí tí ìyá àgbà fi ń jágbe nìyẹn. Ẹni tó fọ́ ọ̀gán ba oko jẹ́, nítorí ibì kan náà ni olú ń yọ sí lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí ikán bá ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ ibẹ̀ kì í sọ fáráyé, mi ò sì bá wọn wí. Olú tí wọ́n ń sìn lórí ìyẹ̀ pákó fún títà, irú mìíràn ni. Ti ọ̀gán ò tíì gbà kéèyàn sin òun bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń já a, ẹ fi àwọn tó ti gbó sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò dùn mọ́, eruku wọn ló kù tó wúlò.