Sólà àbí jẹnẹrétọ̀: bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní ọ̀rọ̀ owó

Ìbéèrè: Olùkọ́ ẹnjiníà ni mí ní polí kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ fọ́múlà engineering economics (ìṣirò owó nínú iṣẹ́ ẹnjiníà) sórí, wọ́n sì ń yege. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé ṣé kí ilé iṣẹ́ kan ra ẹ̀rọ tuntun ni àbí kó tún ti àtijọ́ ṣe, wọ́n á kàn máa wo ojú ara wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ gbé fọ́múlà tì ná. Ẹ rán wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé tó wà nítòsí géètì yín, kí wọ́n béèrè iye tó ń ná sórí epo jẹnẹrétọ̀. Ká ní ₦6,000 ni lójúmọ́, tó sì ń fi ọjọ́ 25 ṣiṣẹ́ lóṣù, ₦150,000 nìyẹn. Ká sì ní ₦2,400,000 ni sólà tó lè gbé iṣẹ́ rẹ̀. Kíá ni wọ́n á pín in: oṣù 16, owó ti padà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá bi wọ́n pé: owó ta ni?

Bó bá yá a ní báǹkì, ní èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù, èlé oṣù àkọ́kọ́ nìkan á jẹ́ ₦60,000. Nínú ₦150,000 tí kò fi ra epo mọ́, ₦90,000 péré ló máa kan ojú owó. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ ṣírò rẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rí i pé ó máa tó nǹkan bí oṣù 21 kí gbèsè náà tó tán. Oníṣọ́ọ̀bù kejì, tó jẹ́ pé epo ₦60,000 ló ń rà lóṣù ńkọ́? Èlé á gbé gbogbo rẹ̀ jẹ, ojú owó kò ní dín ní kọ́bọ̀. Sólà kan náà, oòrùn kan náà, àmọ́ ọ̀kan á jèrè, èkejì á máa san gbèsè títí. Ibẹ̀ ni fọ́múlà yín á ti bẹ̀rẹ̀ sí í nítumọ̀ létí wọn. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi owó àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ àti ìgbà tí bátìrì máa kú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn rí i, kí wọ́n sì bá yín jiyàn.)

Ní ti ẹ̀rọ àtijọ́, owó tó ti lọ ló ń dẹkùn mú àwa ẹnjiníà. "A ti ná mílíọ̀nù méjì sí i, a ò lè tà á báyìí." Ẹ tún un ṣe o, ẹ tà á o, mílíọ̀nù méjì yẹn ò padà wá mọ́, kò sì sí nínú ìṣirò. Ohun tó kù láti wò ni iye tí wọ́n máa rà á lónìí, iye tó ṣì máa jẹ lọ́wọ́ yín, àti iṣẹ́ tó kù nínú rẹ̀.

Ẹ lè fi ọkọ̀ òfurufú Concorde ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1962 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí i. Owó rẹ̀ ń ga sí i, wọn ò sì dúró. Ogún péré ni wọ́n ṣe. British Airways àti Air France nìkan ló rà á, wọ́n sì fi kó èrò láti 1976 títí di 2003. Ọkọ̀ òfurufú tó yára ju ìró lọ! Èmi ò ní bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹnjiníà tó wà níbẹ̀, oníbàárà ni ò sí.

Fún iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ẹ ní kí olúkúlùkù fi ojú ìwé kan kún un: èló ló ná mi, ta ló máa rà á, èló, ìgbà wo lowó máa wọlé? Ẹni tí kò bá kọ ọ́, ẹ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un.