Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìwé Gírámà Wo Ni Kí A Fi Kọ́ Ọmọ Nílé?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ mẹ́ta ni èmi àti bàbá wọn ń kọ́ nílé: ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 7. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan ránṣẹ́ sí wa. Èyí àgbà ń dí àwọn àlàfo inú rẹ̀ láìṣìnà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa sílẹ̀, ohun tó kọ ni: "Yesterday my mummy go to Bodija and he buy two yam." Ó dùn mí púpọ̀. Ṣé kí n pa ìwé náà tì kí n ra òmíràn ni? Èwo ló dára jù?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Akóbọ̀, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má tíì ra ìwé kankan. Gbólóhùn kan tí ọmọ yín kọ yẹn ti sọ ohun tí ẹ ó máa kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì sí ìwé tí ẹ lè rà lọ́jà tó lè sọ ọ́ fún yín tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àṣìṣe mẹ́rin ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì nídìí. Ó kọ "go" àti "buy" níbi tó yẹ kí ó kọ "went" àti "bought", nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí ara padà: ìyá lọ sọ́jà lánàá, ìyá ń lọ sọ́jà, ìyá yóò lọ sọ́jà lọ́la, "lọ" kan náà ni, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń jẹ́ kí a mọ ìgbà. Ó pe ìyá rẹ̀ ní "he" nítorí pé "ó" kan ṣoṣo ni à ń lò fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́ àti fún àga. Kò fi "s" sí "yam" nítorí pé ì báà jẹ́ iṣu méjì, ì báà jẹ́ ogún, iṣu náà ni a ó máa pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí Yorùbá dá lẹ́nu yóò ṣe máa kọ Gẹ̀ẹ́sì títí ẹnìkan yóò fi jókòó tì í, tí yóò sì fi ìyàtọ̀ náà hàn án.

Ìwé tó dára ni ìwé àbúrò yín lè jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti ń gbọ́ "he" àti "she" láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n kọ irú rẹ̀ fún, nítorí náà kì í sábà pẹ́ níbi tí àwọn ọmọ tiwa ti ń kọsẹ̀. Ẹ wo ìdí tí àlàfo dídí fi ń tan òbí jẹ: orí ìwé ti kọ́kọ́ sọ fún ọmọ pé "he" àti "she" ni ẹ̀kọ́ òní, ó sì ti mọ ibi tí yóò fojú sí. Nígbà tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ta á lólobó. Láti 1963 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà fúnra wọn ti gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé gírámà tí a kọ́ ọmọ lọ́tọ̀, tí kò bá iṣẹ́ kíkọ rin, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí ohun tí ọmọ ń kọ dára sí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti lè kọ̀wé máa kọ ìpínrọ̀ kan lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí ohun tí wọ́n mọ̀ dunjú, bí àpẹẹrẹ bí a ṣe ń ro àmàlà, tàbí ìtàn tí bàbá àgbà sọ fún wọn. Ẹ má fa ìlà pupa sí i. Inú ìwé kékeré tiyín ni kí ẹ máa kọ àwọn àṣìṣe tó ń padà wá sí. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú wọn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ibi tí ìwé náà bá sì ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni kí ẹ ṣí, ì báà jẹ́ orí kẹsàn-án. Bí ọmọ bá gba ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́ láìsí wàhálà, ẹ fo ìyókù. Bí kò bá gbà wọ́n, ogún mìíràn irú wọn kò ní ràn án lọ́wọ́. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì fi gbólóhùn tó jẹ mọ́ ilé yín àti àdúgbò yín ṣàlàyé fún un. Kí ẹ tó kúrò lórí ẹ̀kọ́ náà, ẹ ní kí ó padà sí ìpínrọ̀ tó kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àṣìṣe náà rí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé.

Kí ẹ tó kọ́ wọn ní ibi tí èdè méjèèjì ti yàtọ̀, ẹ fi ibi tí wọ́n ti bára mu hàn wọ́n. "Bàbá ra bàtà": "bàbá" ni olùwà, "ra" ni ọ̀rọ̀-ìṣe, "bàtà" sì ni àbọ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ń tò ó nìyẹn. Ẹ wá fi "pupa" kún un: ẹ̀yìn "bàtà" ni Yorùbá ń gbé e sí, iwájú ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e sí. Ọmọ tó bá ti lè tọ́ka sí àbọ̀ nínú gbólóhùn Yorùbá kò ní máa fòyà nígbà tó bá pàdé rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò sọ pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má ṣe pín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìwé mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ kan náà ni kí wọ́n jọ gbọ́. Kí àbíkẹ́yìn fi ẹnu dáhùn, kí ìkejì kọ gbólóhùn mélòó kan, kí àgbà sì tún odindi ìpínrọ̀ ṣe. Ogún ìṣẹ́jú tó fún un lóòjọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 14 ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé. Ìwé gírámà rẹ̀, tó wá láti Amẹ́ríkà, ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fa ìlà láti fi pín gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, ó sì ń gba àkókò rẹ̀ gan-an. Ṣé yóò wúlò fún un nínú WAEC?
Bàbá Olóyè, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: WAEC kì í béèrè rẹ̀, sà. Reed àti Kellogg, olùkọ́ méjì ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìlà fífà náà jáde ní 1877. Ó lè ràn án lọ́wọ́ bí gbólóhùn gígùn bá dà á láàmú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gba ipò àròkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àròkọ tó tó ọ̀rọ̀ 450 ni ìdánwò náà ń béèrè, pẹ̀lú àkàyé, ìsọníṣókí, ìbéèrè oníyàn-án lórí ọ̀rọ̀ àti ìhun gbólóhùn, àti ti ìró ohùn. Ẹ mójú tó ti ìró yẹn, nítorí pé "v", "z" àti "th" kò sí nínú Yorùbá, àwọn ọmọ wa sì máa ń fi òmíràn rọ́pò wọn. Ẹ ra ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá fún un báyìí, kí ẹ sì fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n tẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà kún ti Amẹ́ríkà náà; Ìbàdàn níbí, ní agbègbè Jẹ́ríkò, ni àwọn kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ ní kí ó máa kọ "colour" bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílùú Ọba, kí ó má ṣe fi "color" lù ú pọ̀ mọ́ ọn nínú àròkọ kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sọ Yorùbá nílé dáadáa. Ṣé ó tún yẹ kí ìyá wọn máa kọ́ wọn ní gírámà rẹ̀?
Ìyá Àgbà, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mà. Ọmọ lè máa sọ ọ́ kó má lè kọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ohùn: kí wọ́n fi dò-rè-mí pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí wọ́n sì fi àmì sí wọn. Bí ẹ bá ń lo Bíbélì tàbí ìwé àtijọ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé àkọtọ́ ti yí padà láti 1974, kí "aiye" àti "enia" tí wọ́n bá rí níbẹ̀ má baà dà wọ́n rú; "ayé" àti "ènìyàn" ni kí wọ́n máa kọ. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ máa pe gbólóhùn díẹ̀ fún wọn láti kọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ìyá wọn máa bá wọn yẹ àmì orí rẹ̀ wò.