Ẹ Bi Wá Léèrè: Mo Ti Gboyè Nínú Ijó, Báwo Ni Mo Ṣe Fẹ́ Di Olùkọ́?

Olóòtú ọ̀wọ́n, mo kí yín. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ijó ní yunifásítì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti pinnu pé iṣẹ́ olùkọ́ ni màá ṣe, mo sì ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́kànlá. Mẹ́ta péré ló dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọ́n sọ, pé n kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹni tí màá kọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́? Àwọn ojúlùmọ̀ mi kan ní kí n padà lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà. — Oníjó tó ń wáṣẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta yẹn sọ dùn yín, ṣùgbọ́n wọn kò purọ́ mọ́ yín. Oyè tí ẹ gbà fi hàn pé ẹ mọ ijó, pé ẹ lè ronú jinlẹ̀ lórí rẹ̀, pé ẹ sì lè kọ ohun tó mọ́yán lórí nípa rẹ̀. Kò sí ibi tí ìwé ẹ̀rí náà ti sọ pé, bí wọ́n bá kó ogún ènìyàn tí kò jó rí síwájú yín, wọ́n á ti máa gbẹ́sẹ̀ bó ṣe yẹ kí wákàtí kan tó pé. Ọ̀tọ̀ ni jíjó, ọ̀tọ̀ ni kíkọ́ni ní ijó, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì wà tí wọ́n ń fi ọdún méjì kọ́ ènìyàn ní ti àkọ́kọ́ tí wọ́n wá fi ẹ̀kejì sílẹ̀ fún orí.

Ẹ wo nǹkan kékeré kan báyìí. Nígbà tí ẹ bá kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, apá òsì wọn ni ọwọ́ ọ̀tún yín wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ni ẹ̀yin gbọ́dọ̀ gbé, kí ẹnu yín sì máa pe “ọ̀tún” láìṣe àṣìṣe, nígbà tí ojú yín wà lára ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá tó ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo ti rí oníjó tó ti jó fún ọdún mẹ́wàá tí èyí dà rú mọ́ lójú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ni. Ti kíkà náà tún wà níbẹ̀. Bí a bá ń ka ìlù ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, ìgbésẹ̀ tó kàn gbọ́dọ̀ ti jáde lẹ́nu yín ní kíkà keje, torí pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ní kíkà kìíní ti pẹ́ lẹ́yìn, yóò sì máa sáré lé ìlù títí kíláàsì yóò fi parí. Kò sí ìwé àpilẹ̀kọ tó ń fi èyí kọ́ni. Ara ló ń kọ́ ọ, ara sì máa ń gba àkókò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ti ìwé ìwáṣẹ́ sápá kan fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì dá kíláàsì kan ṣoṣo sílẹ̀ fúnra yín. Ẹ wá gbọ̀ngàn tí wọ́n lè yá yín fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹ kó àwọn tí kì í ṣe oníjó jọ: àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó sórí àga látàárọ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn òbí àti ọmọ wọn. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ẹni pé iṣẹ́ yìí kéré sí oyè yín. Kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ijó tẹ́lẹ̀ máa ń bo àṣìṣe olùkọ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé ó lè wo ara yín kó sì fi ojú jí ohun tí ẹnu yín kò lè ṣàlàyé. Ẹni tí kò jó rí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá wí ni yóò ṣe, bí ẹ kò bá sì wí i dáadáa, ẹ óò rí i lójú ẹsẹ̀ lára rẹ̀.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀. Bí ẹ bá jáde, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàrin méjèèjì ni ẹ̀kọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ tún wá olùkọ́ àgbà kan tí ẹ lè máa ràn lọ́wọ́ nínú kíláàsì tirẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń mú ara gbóná nìkan ló fún yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá wo kíláàsì yín lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò ju ìwé ìjẹ́rìí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò rí yín rí níbi tí ẹ ti ń kọ́ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sídìí ìwé ìwáṣẹ́. Fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ibi tí ẹ ti ń jó lórí ìtàgé nìkan; ẹ fi ti ibi tí ẹ ti ń kọ́ni sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì jẹ́ ọmọdé, lọ́wọ́ òbí wọn. Nínú ojú ìwé kan tí ẹ ó ti ṣàlàyé ìlànà ìkọ́ni yín, ẹ sọ ohun kan tí kò lọ dáadáa àti bí ẹ ṣe tún un ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́ ti ka “mo nífẹ̀ẹ́ ijó láti kékeré” títí ó ti sú wọn. Wọ́n tún sábà máa ń ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ wá kọ́ kíláàsì kan lójú wọn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ nínú wọn kì í wo ẹwà ijó yín púpọ̀. Ohun tí ẹ ṣe fún ẹni tó wà ní ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀rí ìkọ́ni náà wà tó yàtọ̀ sí oyè yunifásítì. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó wá di Royal Academy of Dance sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, ohun tó jẹ wọ́n lógún ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ijó bálẹ̀ẹ̀tì, nítorí pé ìkọ́kúkọ̀ọ́ ti pọ̀ jù, ó sì ń ba ara àwọn ọmọdé jẹ́. Títí dòní, ọ̀pọ̀ stúdíò aládàáni máa ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó béèrè oyè kejì. Bí ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ bá ń béèrè rẹ̀, ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀.

Ní ti oyè ọ̀mọ̀wé: bí ìbéèrè kan bá wà lọ́kàn yín tí kò jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ lọ. Bó bá jẹ́ pé nítorí tí iṣẹ́ kò sí lẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ óò jáde pẹ̀lú ìṣòro tí ẹ gbé wọlé, ọjọ́ orí nìkan ni yóò ti lé sí i. Pearl Primus, oníjó ará Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ ní Ọmọwálé nígbà tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ijó ní Nàìjíríà, ti gbajúmọ̀ lórí ìtàgé láti ọdún 1943, ọdún 1978 ló tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York. Nǹkan bí ọdún márùndínlógójì ijó àti ìkọ́ni ló gbé lọ síbẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ dúró tó bẹ́ẹ̀ o! Àmọ́ kí ẹ ní nǹkan lọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ gbé lọ. Kí ẹ sì tó pinnu, ẹ ka ìkéde iṣẹ́ mẹ́wàá láti ibi tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ gan-an. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ka oyè MFA, ìyẹn oyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà, sí òpin ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń kọ́ni ní ijó, nígbà tí àwọn ibòmíràn kò ní gba ènìyàn síṣẹ́ láìní oyè ọ̀mọ̀wé.

Ẹ kú iṣẹ́. Stúdíò aládàáni kan ti fẹ́ gbà mí láti máa kọ́ni fún wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé n kò gbọdọ̀ kọ́ni níbòmíràn nítòsí fún ọdún méjì lẹ́yìn tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ṣé kí n bu ọwọ́ lù ú? — Adéhùn ń dẹ́rù bà mí

Ẹ má tíì bu ọwọ́ lù ú. Lákọ̀ọ́kọ́, wákàtí mẹ́wàá kì í ṣe wákàtí mẹ́wàá. Ẹ ka àkókò tí ẹ fi ń yan orin, tí ẹ fi ń ṣètò ẹ̀kọ́, tí ẹ fi ń rìn lọ tí ẹ fi ń rìn bọ̀, kí ẹ wá fi gbogbo rẹ̀ pín owó tí wọ́n fẹ́ san. Bí èyí tó jáde kò bá tó yín jẹun, ẹ máa nílò iṣẹ́ kejì. Ìdí rèé tí òfin ọdún méjì yẹn fi burú: ó fún yín ní ìdajì iṣẹ́, ó sì fẹ́ gba gbogbo ọjọ́ iwájú yín. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ijó, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́, ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ti ń kó oúnjẹ òòjọ́ jọ. Ẹ ní kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò, tàbí kí wọ́n dín in kù sí pé ẹ kò ní fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, nítorí pé agbára irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì.

Ẹ béèrè ẹni tó ni ijó tí ẹ bá ṣẹ̀dá níbẹ̀. Èmi fúnra mi ti kó sí pańpẹ́ yìí rí. Mo bu ọwọ́ lu ìwé stúdíò kan láìkà á délẹ̀, nígbà tí mo sì kúrò níbẹ̀, ijó mẹ́ta tí mo fi òógùn ara mi ṣe kò lè bá mi jáde. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń sanwó bí kíláàsì bá fagi lé, àti ẹni tó ń san owó adójútòfò bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹ̀yin bá fara pa.

Kí ẹ tó jókòó sọ̀rọ̀ owó rárá, ẹ wọ yàrá ìjó náà, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ilẹ̀ náà bá gbé yín sókè díẹ̀, a jẹ́ pé igi tí wọ́n tẹ́ lé nǹkan tó ń rọ̀ ni. Bó bá ta gìrì wọ orúnkún yín, kọ́ńkéré ló wà lábẹ́ rẹ̀, wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ní pẹ́ kó tó fa ìnira sí ojúgun àti orúnkún.

Olóòtú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ oyè kejì, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò gbà mí láti fò mọ́. Ṣé ẹni tí kò lè jó ijó náà tán lè fi kọ́ni? — Orúnkún dídùn

Ó lè fi kọ́ni, ó tiẹ̀ lè kọ́ni ju ẹni tó ń fò lọ. Margaret H'Doubler, ẹni tó dá ẹ̀kọ́ oyè ijó àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní ọdún 1926, kì í ṣe oníjó. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló kà, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sì wà lára ohun tó ń kọ́ àwọn obìnrin kó tó bọ́ sídìí ijó. Kì í jó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ó. Yóò ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí oníkálùkù máa wá bí oríkèé rẹ̀ ṣe ń ṣí àti bó ṣe ń yí, yóò sì tọ́ka sí egungun ènìyàn tó wà nínú yàrá náà kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń mú rìn. Àwọn tó jáde lábẹ́ rẹ̀ lọ dá ẹ̀ka ijó sílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ẹ sọ òótọ́ nípa orúnkún yín fún ẹni tó bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́, kí ẹ sì ní akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan tí yóò máa fi ìfò hàn nígbà tó bá pọn dandan. Èyí tó kù jẹ́ ti ẹnu yín. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó sórí àga, ẹ ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, kí ẹ wá kọ́ ẹnì kan ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ láì dìde. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti ń jà láti jáde wá ṣàpèjúwe, ẹ sàmì sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún.