Wá ọ́dà kó o tó rojọ́: mẹ́dàlì tí kò sí nínú ìwé sójà bàbá yín

Àbúrò mi tó béèrè láti Mọ̀ọ́rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. O ní bàbá yín ṣe sójà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n bá wọn jagun Kuwait ní 1991, wọ́n sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ìparí ọdún yẹn náà, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ tú àpótí wọn, mẹ́dàlì tí wọ́n kọ sínú DD 214 wọn, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń fún sójà tó bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ò ju méjì lọ, èyí tó jẹ́ ti ogun yẹn gan-an ò sí níbẹ̀. O tún ní ẹnì kan ní Lagere ń bèèrè ₦400,000 kó lè bá yín tún un ṣe. Jọ̀ọ́, má fún un ní kọ́bọ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè fáìlì, ọ̀fẹ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe, ọ̀fẹ́ náà ni. Owó tó o máa ná ò ju ti bébà àti ti ẹni tó máa bá ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Iléṣà ni mò ń gbé báyìí, ní Ìṣọ̀kùn, àmọ́ èmi náà ṣe sójà Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ńlá ni mo ń wà ní Iraq láàárín 2004 sí 2005. Lọ́jọ́ kan bọ́ǹbù tí wọ́n rì sẹ́bàá títì bú mọ́ ọkọ̀ tó wà níwájú tèmi, wọ́n wá ṣíná ìbọn bò wá, àwa náà yìn padà, ọ̀rẹ́ mi kan ò sì bá wa délé lọ́jọ́ náà. Ní 2005 yẹn náà ni wọ́n dá báàjì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Combat Action Badge, wọ́n sì ní ó máa kan ẹni tó ti dojú kọ ọ̀tá látorí 18 September 2001, torí náà ọ̀gá wa kọ orúkọ gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ́dà ẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń fúnni ní báàjì, tó jáde. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, wọ́n gbé DD 214 síwájú mi, ọkàn mi ti wà nílé, mo fọwọ́ sí i láì ka àpótí 13 tí wọ́n ń kọ mẹ́dàlì sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú ìwé yẹn kí n tó ṣàkíyèsí pé báàjì yẹn ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Báàjì yẹn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lójú mi, òun nìkan ni ìwé tó ń sọ pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi yẹn wà lójú títì yẹn lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í rèé, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń tún ìwé ṣe lọ tààrà, mo kọ DD Form 149, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe, mo sì kọ ojú ewé mẹ́rin mọ́ ọn, bí bọ́ǹbù ṣe bú, ẹni tó kú, ẹni tó fara pa, gbogbo ẹ̀. Mi ò fi ẹyọ ìwé ẹ̀rí kan tì í. Wọ́n dá a padà. Inú bí mi nígbà yẹn, àmọ́ òye ti wá yé mi pé ẹni tó ń ka ìwé yẹn ò sí ní Iraq, kò mọ̀ mí rí, ìwé nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀. Ọ́dà ni wọ́n ń wá, ìyẹn bébà tí ọ̀gá fọwọ́ sí pé àwọn fún lágbájá ní báàjì yìí lọ́jọ́ báyìí.

Torí náà, fáìlì ni kó o kọ́kọ́ bèèrè. Fọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ SF 180 ni, National Personnel Records Center ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì àwọn sójà sí, ló ń lọ. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé fáìlì tó pé pérépéré lẹ ń fẹ́, torí tó o bá kàn ní DD 214, èyí tẹ́ ẹ ti ní nílé náà ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ padà, ọ́dà ò sì sí nínú ìyẹn. Bàbá fúnra wọn ni kó fọwọ́ sí i, pẹ̀lú bírò, kí wọ́n kọ déètì sí i. Mo tẹ orúkọ mi síbi tó yẹ kí n fọwọ́ sí, oṣù mẹ́ta ṣòfò lórí ìyẹn nìkan. Bàbá wà láyé, ẹ dúpẹ́, torí ká ní wọ́n ti lọ ni, ìwọ ọmọ lè bèèrè o, àmọ́ wàá fi ìwé ẹ̀rí ikú tì í, kò sì ní sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ pé kọ́ńpìnnì wo, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà wo, ni wọ́n wà.

Ẹnì kan máa sọ fún ẹ pé fáìlì ti jóná. Lóòótọ́ iná jó ní St. Louis ní 12 July 1973, fáìlì tó bá a lọ tó mílíọ̀nù 16 sí 18, àmọ́ ní ti ẹ̀ka Army, àwọn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó di 1960 ló kàn. Bàbá tó kúrò ní 1991 ò sí nínú ẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dá ẹ dúró.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì bàbá gan-an rọrùn ju tèmi lọ. Southwest Asia Service Medal, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lágbègbè yẹn láàárín 2 August 1990 sí 30 November 1995 ló ni ín, kò dìgbà tí ọ̀gá kan bá yìn ẹ́ kí wọ́n tó fún ẹ. Ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn ò ju pé wọ́n débẹ̀ lọ, wo àpótí 18 nínú DD 214 yẹn dáadáa, wọ́n sábà máa ń kọ ibi téèyàn lọ àti ọjọ́ síbẹ̀. Kuwait Liberation Medal tún wà, méjì ni, ọ̀kan látọ̀dọ̀ Saudi Arabia tí Amẹ́ríkà gbà ní 1992, èkejì látọ̀dọ̀ Kuwait fúnra ẹ̀ tí wọ́n gbà ní 1995. Ṣé o rí i? Bàbá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó wọlé, ẹni tó ń tẹ ìwé wọn lọ́jọ́ náà ò lè mọ̀ nípa ẹ̀ rárá. Bèèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àmọ́ tí bàbá bá ní kápítẹ́nì àwọn ṣèlérí Bronze Star, mẹ́dàlì tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ yìn ẹ́ kí wọ́n tó fún ẹ, ìyẹn yàtọ̀, ìyẹn ò ṣeé ṣe láìsí ọ́dà, ẹ má pò ó mọ́ èyí tó rọrùn kó má lọ fà á sẹ́yìn.

Báwo ni mo ṣe wá rí ọ́dà tèmi nígbà tí kò sí nínú fáìlì? Ọ́dà kan máa ń gbé orúkọ èèyàn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kó o dì mú jù. Tí ti bàbá bá sọnù, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì tí wọ́n jọ wà nínú ìlà yẹn ṣì ní tiẹ̀ nínú àpótí. Mo wọ Facebook, mo wá ẹgbẹ́ àwọn ará kọ́ńpìnnì wa, mo ń kọ sí wọn lóru torí aago tiwọn àti tiwa ò bára mu, àwọn kan ò dáhùn, ẹlòmíì ní òun ò rántí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, àwọn bàbá wa òṣómàáló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí owó fi jáde, èmi náà lóṣòó ti fóònù. Lóṣù kẹjọ, sájẹ́ńtì wa kan tó wà ní Texas ya fọ́tò ọ́dà tiẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ tiẹ̀, wọ́n gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ bàbá mi, mo sunkún lórí àga. Sájẹ́ńtì yẹn tún kọ lẹ́tà pé òun àti èmi jọ wà níbẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Tó o bá ń wá orúkọ bàbá, rántí pé wọ́n lè ti kọ ọ́ níkọkúkọ, wá a ní gbogbo ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà ṣì í kọ.

Mo fi ọ́dà àti lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, fọ́tókọ́pì o, kì í ṣe ojúlówó, wọ́n sì fún mi ní DD 215, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń tún àṣìṣe inú DD 214 ṣe. Bébà kékeré ni, wọn kì í sábà tẹ DD 214 míì fúnni, èyí ni wàá há mọ́ ọn, méjèèjì á máa rìn pọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ fún bàbá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi ẹ̀rí hàn, ìgbà yẹn ni DD 149 tó kàn. Wọ́n á sọ pé ọdún mẹ́ta látọjọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àṣìṣe náà lẹ ní, àmọ́ ìgbìmọ̀ lè fojú fò ó, ẹ ṣáà ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi pẹ́. Ó lè lé lọ́dún kan kí èsì tó dé.

Ohun kan tó kù, nọ́mbà Social Security bàbá, ìyẹn nọ́mbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá èèyàn mọ̀, wà lórí àwọn ìwé yìí. Má gbé e lọ sí bíìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ́bàá géètì yunifásítì kí wọ́n bá ẹ síkáànì ẹ̀, yóò kù sínú kọ̀ǹpútà wọn. Fóònù ẹ náà tó o.

Lálẹ́ òní, jókòó ti bàbá, tan fóònù kó máa gba ohùn wọn, bi wọ́n ní kọ́ńpìnnì, orúkọ kápítẹ́nì, àwọn tí wọ́n jọ sùn nínú àgọ́, oṣù tí wọ́n débẹ̀ àti oṣù tí wọ́n kúrò. Má kánjú, wọ́n lè dákẹ́ láàárín, jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Tó o bá ti rí ohun tó wà ní àpótí 13 àti 18, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, fi nọ́mbà yẹn pa mọ́, ká jọ wò ó.