Ọwọ́ bàbá wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí i

Àǹtí mi tó béèrè pé kí la fi ń mọ̀ nínú ilé pé ọrọ̀ ajé ti ń dẹnu kọlẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní Ṣómólú.

Ìparí oṣù Kẹjọ 2016 ni wọ́n tó kéde pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti dẹnu kọlẹ̀. Àwa ti wà nínú ẹ̀ nílé wa láti oṣù Karùn-ún tí epo bẹntiróòlù fò láti ₦86.50 sí ₦145, tí owó oṣù bàbá àwọn ọmọ mi sì ń pẹ́ oṣù méjì kó tó dé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ ni mo fi mọ̀. Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni wọ́n máa ń ra súyà bọ̀ láti ibiṣẹ́, onísúyà á ti fi ìwé ìròyìn wé e, òróró á ti gba ara ìwé jáde. Àwọn ọmọ á ti gbọ́ òórùn ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju ẹran lọ. Ó di búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan, àbíkẹ́yìn mi sáré pàdé wọn, ó wo ọwọ́ wọn méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Dádì," ó padà lọ jókòó. Kò béèrè mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ó dùn mí wọra.

Ẹ tún máa ṣọ́ òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń ra nǹkan. Gáàsì tá a máa ń rọ kún sílíńdà di kílò mẹ́ta, ó di kílò kan. Mílíìkì alágolo di ti ọ̀rá. Ìrẹsì kúrò ní àpò, ó di kóńgò, kóńgò di dẹ́ríkà. Ibẹ̀ lowó ti ń jò lọ. Mo kọ gbogbo ohun tí mo rà sínú ìwé ọmọ: tí n bá da gbogbo dẹ́ríkà yẹn pọ̀, wọn ò kún àpò, owó wọn sì ti ju ti àpò lọ. Èmi àti àwọn méjì tá a jọ háyà ilé bá dáwó jọ, a ra àpò kan ní ọjà Daleko, a pín in lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ló ń mú tiẹ̀ kẹ́yìn. A ò jà rí.

Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé a ò tètè bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ló ṣẹ bàbá wọn. Ìgbà tá a sọ fún wọn pé owó ò wọlé lọkàn wọn tó balẹ̀. Gúgúrú àti ẹ̀pà la fi rọ́pò súyà, èmi ni mo ń yan án ní Jímọ́ọ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan tí kò tó ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wa fi ń fi ṣíbí wọn tòmátò alágolo tà. Mi ò dúró de ìkéde kankan. Mo kan ilẹ̀kùn àwọn tá a jọ háyà, mo gbé ìkòkò gúgúrú kaná. Àbíkẹ́yìn mi, tó ti pé ọdún mẹ́tàlá, ló ń mì í.