Màlúù Tó Ń Fi Wàrà Pamọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù mi bímọ, kò tíì pé oṣù kan. Tí ọmọ rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàrà á máa ṣàn. Tí mo bá ti so ọmọ náà síbòmíràn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jáde, bẹ́ẹ̀ ọmú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Ṣé ó ń fi wàrà pamọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Wàrà tó ti sọ̀ sísàlẹ̀ ọmú, tí ọwọ́ lè fún jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ìyókù wà lókè, nínú àwọn àpò tín-ín-tín tí ojú lásán kò rí. Hòmóònù kan tó ń jẹ́ ọ́sítósìn ló ń mú kí ara fún àwọn àpò náà, inú ọpọlọ ló sì ti ń wá. Tí nǹkan bá kan orí ọmú, ọpọlọ á tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Fún màlúù tó ń fọ́mọ lọ́mú, pàápàá àwọn oníké, rírí ọmọ àti gbígbọ́ òórùn rẹ̀ wà lára ohun tó ń ṣiṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fa orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá so ó síwájú ìyá rẹ̀, níbi tí ìyá ti lè máa lá a. Tí ẹ kò bá fẹ́ lo ọmọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu orí ọmú. Ẹ fún ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ sínú ife dúdú, kí ẹ wò ó bóyá ó dì. Láti ìgbà tọ́wọ́ yín ti kàn án, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà gan-an. Orí ọmú á kún, á le. Kí ẹ fún un tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, torí hòmóònù náà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó máa ń nu gbogbo màlúù tán kí wọ́n tó padà sórí ti àkọ́kọ́ ti pàdánù àsìkò yẹn.

Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má nà án. Ẹ̀rù ń dí ọ́sítósìn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ọ́sítósìn ojoojúmọ́ náà kò dáa: tó bá mọ́ ọn lára, kò ní lè tú wàrà sílẹ̀ mọ́ láìsí abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu èyí tó ṣẹ́kù, torí wàrà tó bá ń jókòó sínú ọmú ló ń sọ fún ara pé kó dín ṣíṣe rẹ̀ kù. Bí apá kan ọmú bá gbóná, tó le, tí wàrà ibẹ̀ sì ń dì, àrùn ọmú nìyẹn. Ẹ pe dókítà ẹran.

Ìbéèrè: Oyún màlúù mi ti pé oṣù méje, mo ṣì ń fún wàrà rẹ̀. Ṣé kí n máa bá a lọ?

Ìdáhùn: Ó ti tó láti dáwọ́ dúró. Oyún màlúù ń lò tó ọgọ́rin lé nígba (280) ọjọ́, ọmú sì nílò ìsinmi bí ọgọ́ta (60) ọjọ́ kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Tí ìsinmi yìí kò bá tó ogójì (40) ọjọ́, wàrà ìbímọ tó ń bọ̀ á dín kù. Ẹ dín oúnjẹ alágbára kù fún ọjọ́ díẹ̀, omi kọ́ o, kí ẹ wá ṣíwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmú á wú fún ọjọ́ bíi mélòó kan; ẹ má fún un torí àánú, ara á fa wàrà náà padà. Ẹ bi dókítà ẹran bóyá ó yẹ kó fi oògùn sínú orí ọmú lọ́jọ́ tí ẹ bá fún un kẹ́yìn.