Ṣé kí n ra ìbéèrè íńtáfíù Google ní ₦150,000?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. FUTA ni mo ti jáde, Akúrẹ́ níbí náà ni mo ṣì wà. Google ti pè mí fún íńtáfíù iṣẹ́ software engineer, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti há ìdáhùn ìbéèrè 200 láti LeetCode, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè kóòdù dánra wò, sórí. Ẹnì kan ní òun ní ojúlówó ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí, ₦150,000 ló ń gbà. Ṣé kí n rà á? Ṣé dandan ni kóòtù àti táì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má rà á. Ní ti aṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ti tó.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, láti Akúrẹ́ títí dé Oǹdó, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń fi ọjà yìí gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Gbájúẹ̀ ni. Ẹni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè ló ń yan èyí tó máa bi ọ́. Báwo ni ará ìta ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Tí Google bá sì gbọ́ pé ìbéèrè kan ti jò síta, wọ́n máa ń fagi lé e ni. Fi èyí náà sọ́kàn: Google kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́.

Àmọ́ ìdáhùn 200 tí o há sórí yẹn ló kọ mí lóminú jù. O rò pé JAMB ni. Nínú JAMB, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bí o ṣe dé orí B. Níbi íńtáfíù yìí, ẹnì kan á bá ọ jókòó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, á máa kọ ohun tí o ń sọ sílẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ tí kò rí ọ rí ló máa wá ka àkọsílẹ̀ yẹn. Tí o bá dákẹ́ tí o kàn kọ kóòdù, kí ni wọ́n fẹ́ kà?

Wo èyí. Wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà 100,000, wọ́n ní kí o wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 50. Ẹni tó há a sórí á kọ hash map (ọ̀nà tí à ń gbà to nǹkan sí mẹ́mórì ká lè tètè rí i) wéré, á dákẹ́. Ni olùbéèrè á bá ní: “Ó dáa. Tí a bá ti to àwọn nọ́ńbà náà láti kékeré dé ńlá ńkọ́, tí mi ò sì fẹ́ kí o lo àfikún mẹ́mórì?” Òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ẹni tó yé, á ti kọ́kọ́ bèèrè bóyá nọ́ńbà kan lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti ohun tí kóun ṣe tí kò bá sí méjì tó bá a mu. Á ṣàlàyé pé kéèyàn máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé gbogbo ìyókù, ó tó ìfiwéra bílíọ̀nù márùn-ún. Tí wọ́n bá wá ní nọ́ńbà ti wà létòlétò, á fi ìka kan sí ìbẹ̀rẹ̀, ìkan sí ìparí. Àròpọ̀ pọ̀ jù? Kó fa ti ìparí sẹ́yìn. Ó kéré jù? Kó sún ti ìbẹ̀rẹ̀ síwájú. Kó tiẹ̀ ṣi kóòdù kọ díẹ̀, olùbéèrè ti rí ọgbọ́n orí rẹ̀.

Nítorí náà, má fi ẹyọ kan kún 200 yẹn mọ́. Mú bí ọgbọ̀n nínú wọn, má wo ìdáhùn, kí o ṣàlàyé wọn sókè ketekete fún ọ̀rẹ́ rẹ kan. Kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe é. Ibi tí o bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kò tíì yé ọ. Lẹ́yìn náà kí o tún un ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni o máa sọ lọ́jọ́ náà. Orí ojú ìwé lásán ni kí o ti máa kọ kóòdù, níbi tí kò ti lè ṣiṣẹ́, kí o fi ọwọ́ ara rẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Má gbàgbé láti dán an wò pẹ̀lú àkójọ tí kò ní nǹkan kan nínú.

Èmi ò gbẹnu sọ fún Google o, wọ́n sì máa ń yí ètò wọn padà. Ohun tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ ni kí o tẹ̀ lé. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò bá tó, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá.

Fi díẹ̀ nínú owó yẹn ra dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, gba agbára sínú láptọ́ọ̀pù rẹ dáadáa, kí o sì wá yàrá tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò ti ní bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀. Tí ìlà bá já láàárín, kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀.